Dùùrù tí ó Ń Fọ Èdè Yorùbá

Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, bí o bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tàbí ti ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí àní-àní pé o ti rí dùùrù rí. Bí kò bá jẹ́ dùùrù onígi ti àtijọ́, èyí tí a ń pè ní piano, yóò jẹ́ kíbọ́ọ̀dù tí iná mọ̀nàmọ́ná ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, tí wọ́n gbé ka orí irin ní ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ nínú ilé ìsìn. Ní àdúgbò Òkè-Àdó níbi tí mo ń gbé, tí mo sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, ilé ìsìn kò jìnnà sí ara wọn rárá. Bí ènìyàn bá dúró ní Ìjẹ̀bú Bypass ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, yóò máa gbọ́ kíbọ́ọ̀dù mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù sì ń bá tirẹ̀ lọ bí ẹni pé ìjà ni wọ́n ń jà.

Èmi kò wí èyí láti fi àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ̀ wọ́n ṣẹ̀sín. Inú mi a máa dùn bí mo bá rí ọmọdé tí ó fi ìka mẹ́wàá ṣe ohun tí ó dára. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ kan ti wà ní ọkàn mi, ọ̀rọ̀ tí ó kan dùùrù, tí ó kan èdè wa, tí ó sì kan ìwọ alára. N kò sì mọ ẹni tí mo lè fi ìtàn rẹ̀ là á yé ọ ju Akin Euba lọ, ọmọ Yorùbá tí ó tẹ dùùrù títí àwọn tí wọ́n ni dùùrù fi jẹ́rìí sí i, tí ó sì tún padà lọ jókòó ní ẹsẹ̀ àwọn onílù gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí ń yin ọkùnrin yìí sábà máa ń yin ìdajì iṣẹ́ rẹ̀. Wọn a ní ó mọ dùùrù bí òyìnbó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìdajì kejì ni ó ṣòro jù, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi pàṣán lé e dé ibẹ̀.

Ìlú Èkó ni a bí Akin Euba sí ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1935. Baba rẹ̀ mọ orin, òun ni ó sì kọ́kọ́ fi ọmọ náà sí ìdí dùùrù nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, baba yìí fa ọmọ rẹ̀ lé J. G. C. Allen lọ́wọ́, òyìnbó kan tí ń ṣe iṣẹ́ ìjọba ní Èkó ní àkókò náà, tí ó sì mọ dùùrù tẹ̀ gidigidi. Mo fẹ́ràn baba náà fún ohun tí ó ṣe yìí. Ọ̀pọ̀ baba ni ó mọ nǹkan díẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ ju bí òun ti mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọmọ ju iyì ara rẹ̀ lọ, nígbà tí ìmọ̀ tirẹ̀ bá dé òpin, yóò wá ẹlòmíràn fún un.

Jẹ́ kí n ṣe àlàyé ohun èlò náà díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí i láìmọ ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ítálì ni ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bartolomeo Cristofori ti kọ́kọ́ ṣe é, ní nǹkan bí ọdún 1700. Ohun títẹ̀ 88 ni ó wà lójú rẹ̀ lónìí, funfun 52 àti dúdú 36. Bí o bá tẹ ọ̀kan, òòlù kékeré kan tí a fi irun àgùntàn rírọ̀ bò lórí yóò dìde nínú àpótí náà, yóò sì lu okùn irin tí a ti fà le. Nípa bẹ́ẹ̀, òòlù ni ń lu irin nínú lọ́hùn-ún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka ni a fi ń tẹ̀ ẹ́ níta. Di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí a óò padà sí orí rẹ̀.

Kíkọ́ ohun èlò yìí kò rọrùn. Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa ní orin kíkà, wọ́n sì kọ́ díẹ̀ nínú wa láti tẹ dùùrù kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kí a lè máa darí orin àárọ̀ níwájú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbà mí ní odindi sáà kan kí ọwọ́ òsì mi tó gbà láti máa ṣe ohun tí ó yàtọ̀ sí ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe. Orin ìsìn mẹ́fà péré ni mo sì mọ̀ ọ́n tẹ̀ nígbà tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi! Ẹni tí yóò tẹ orin Bach tàbí ti Beethoven níwájú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún jókòó lójoojúmọ́, fún ọdún pípẹ́. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ti dùùrù tún lọ́ra ju ti ẹlẹ́dẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1952, nígbà tí Euba wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ orin tí a ń pè ní Trinity College of Music. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀, tí ó ń kọ́ dùùrù títẹ̀ àti orin kíkọ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí gíga ni ó gbà ní apá méjèèjì ní ọdún 1957. Ó padà sílé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ẹ̀ka orin ní Ilé-iṣẹ́ Rédíò ti Nàìjíríà, nígbà tí kò ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Bí ó bá fẹ́ ni, ó lè jókòó sórí ìwé ẹ̀rí náà títí di ọjọ́ ogbó, kí ó máa jẹ orúkọ Lọ́ńdọ̀nù bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti jẹ ẹ́ nígbà náà, tí a kò sì rí nǹkan mìíràn gbà lọ́wọ́ wọn.

Kì í ṣe òun ni ẹni àkọ́kọ́ láti gba ọ̀nà náà. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ti tẹ dùùrù ní kàtídírà ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ti tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé, tí a bí ní ọdún 1905, tí ó gba ìwé ẹ̀rí tí ó ga jù fún àwọn tí ń tẹ dùùrù ilé ìsìn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1943, tí ó kọ orin ńlá fún òmìnira Nàìjíríà ní ọdún 1960, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn wa yìí ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí a bí ní ọdún kan náà pẹ̀lú Euba, kọ orin dùùrù tí ó dára púpọ̀ kí ikú tó mú un lọ ní ọdún 1976, nígbà tí ó ṣì wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Ìtàn wọn tó fún ìwé mìíràn.

Gbogbo àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ìṣòro kan náà dojú kọ. O mọ̀ pé èdè wa dá lórí ohùn: ọkọ́ tí a fi ń ro oko kì í ṣe ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Èkó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọkọ tí ìyàwó ń bá gbé. Nígbà tí àwọn òyìnbó ajíhìnrere kó orin ìsìn wọn wá, tí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá ṣùgbọ́n tí a fi ohùn orin náà sílẹ̀ bí ó ti wà, ohùn orin a máa gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọ̀rọ̀ a sì máa yí ìtumọ̀ padà lẹ́nu akọrin. Àwọn baba ńlá wa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbàgbọ́, Ọlọ́run sì gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n etí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa kò lè ṣàìrí i pé aṣọ náà kò bá ara mu. Phillips àti Ṣówándé ṣe àtúnṣe rẹ̀ nínú orin tí a ń fi ẹnu kọ. Ìbéèrè Euba tún jinlẹ̀ ju èyí lọ: kí ni dùùrù fúnra rẹ̀, tí kò ní ẹnu, tí kò sì ní ọ̀rọ̀, lè fi ṣe Yorùbá?

Èyí ni ó gbé e padà sí ẹnu ẹ̀kọ́. Ó lọ sí yunifásítì kan ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ọ̀nà ṣíṣe ìwádìí orin gbogbo ẹ̀yà ayé, ó sì gba oyè ní ọdún 1964 àti ní ọdún 1966. Lẹ́yìn náà ó padà wá sílé láti kọ́ni ní Èkó àti ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì fi orúkọ sílẹ̀ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ghana tí ó wà ní Legon, lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà J. H. Kwabena Nketia. Ìlù dùndún ni ó yàn láti kọ nípa rẹ̀. Ó tọ àwọn àyàn lọ, ó gbọ́ ìlù wọn, ó bi wọ́n léèrè, ó sì kọ ohun tí wọ́n ń lù sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún 1974 ni ó gba oyè náà, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì. Ìwé ńlá tí ó kọ lórí dùndún jáde ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1990.

Mo fẹ́ kí o dúró níbí yìí kí o sì ronú. Ọmọ Yorùbá ni Euba, Yorùbá ni baba àti ìyá rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ ìlù, kí ni ó ń wá lọ sọ́dọ̀ onílù? Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, pé bíbí tí a bí ènìyàn sí ilé kan kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá inú ilé náà. Ìwọ náà lè ti jó sí dùndún láti kékeré, síbẹ̀ kí o má mọ orúkọ ìlù mẹ́ta nínú àwọn tí wọ́n ń lù. Ìyáàlù ni àgbà wọn, òun ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó ń kì, tí ó ń pàṣẹ. Kẹríkẹrì àti ìsáájú wà lẹ́yìn rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹsẹ̀ tirẹ̀ tí kì í yẹ̀. Gúdúgúdú sì wà, ìlù kékeré tí a so mọ́ ọrùn, tí kò lè yí ohùn padà, tí kò sì ń dákẹ́. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa tún ohun kan náà sọ, kí àgbà lè rí ilẹ̀ tí yóò dúró lé sọ̀rọ̀.

Wàyí o, onídùndún a máa fi apá fún àwọn awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ohùn ìlù a sì máa gòkè, a máa sọ̀kalẹ̀, a máa yí bí ohùn ènìyàn. Dùùrù kò ní ohun tí a lè fún mọ́ abẹ́ apá. Ibi tí a bá fa okùn irin rẹ̀ sí ni yóò dúró sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìbá ti pa ọ̀rọ̀ tì níbẹ̀. Euba rántí òòlù tí ń bẹ nínú àpótí. Ó ní dùùrù kì í ṣe àlejò pátápátá ní ilẹ̀ Áfíríkà, nítorí pé a ti ní àwọn ohun èlò tí ó bá a tan: àwọn tí a ń fi igi lu pátákó wọn, àwọn tí a ń fi ìka ta irin wọn bí agídìgbo, àti ọ̀wọ́ ìlù tí olúkúlùkù ní ohùn tirẹ̀. Ohun tí ọwọ́ wa ti mọ̀ lórí ìwọ̀nyí, ọwọ́ náà lè gbé e lọ sórí dùùrù. Ó fún ọ̀nà yìí ní orúkọ, tí a lè pè ní ìlò dùùrù ti ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn olórin ilẹ̀ mìíràn ní Áfíríkà sì gba orúkọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú orin tí ó kọ báyìí, ọwọ́ kan a máa tún ẹsẹ̀ kan náà tẹ̀ láìsinmi bí omele, ọwọ́ kejì a sì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí bí ìyáàlù. Yorùbá ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nínú orin Euba, ọwọ́ òsì gan-an ni ó máa ń júwe rẹ̀.

Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, bàbá onílù kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé tí mo gba yàrá sí ní Òkè-Àdó. Ọmọ ilé àyàn ni. Òde ìyàwó àti òde òkú ni ó fi ń jẹun. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó kọ́ orin ní yunifásítì mú kásẹ́ẹ̀tì kan wá kí mi ní ọjọ́ Sátidé kan. Orin dùùrù Euba ni wọ́n gbà sínú rẹ̀. A gbé e sínú rẹ́díò, a sì ń gbọ́ ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí n má purọ́, ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ rú mi lójú, nítorí pé ó ti gba ọ̀nà orin ìgbàlódé àwọn òyìnbó, níbi tí ohùn kì í ti sùn sí ibi tí etí ń retí. Bàbá onílù gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì kí wa. Ó tẹ́ etí títí. Nígbà tí ó yá ó béèrè pé, “Tíṣà, ta ní ń lù ú?”

Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, “Bàbá, dùùrù ni, wọn kì í lù ú, títẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.”

Bàbá náà mi orí. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́ gúdúgúdú nísàlẹ̀ yẹn. Ohùn rẹ̀ ṣe àjèjì sí mi, n kò mọ ohun tí ó ń wí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tiwa. Ẹni yẹn ti jókòó ti onílù rí.” Ó sì ń fi ìka méjì lu férémù ilẹ̀kùn, kò sì ṣi ẹsẹ̀ kankan títí orin náà fi parí.

Kò sí ìwé kan nípa Euba tí mo tíì kà tí ó sọ nǹkan tí ó tó èyí. Ìdájọ́ náà mọ ní ìwọ̀n, ó sì dọ́gba: bàbá náà kò sọ pé orin náà dùn mọ́ òun, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà kò ní sọ fún ọ pé gbogbo orin Euba ni yóò dùn mọ́ ọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Òmíràn le bí èkùrọ́. Àwọn kan tilẹ̀ wí pé ó ti kọ orin tí àwọn ará ilé kò lè jó sí, tí àwọn ará òde kò sì lè kọ lẹ́nu. Èmi rò pé wọ́n ń bi igi ọsàn léèrè àgbàdo. Ẹni tí ó fẹ́ jó ní onílù tirẹ̀. Euba kọ orin fún ẹni tí yóò jókòó, tí yóò sì fetí sílẹ̀, a sì nílò irú èyí náà. Ní ọdún 1970, nígbà tí ó wà ní Ifẹ̀, ó ṣe eré olórin kan tí ń jẹ́ Chaka, tí ó gbé ka orí ewì ńlá tí Léopold Senghor kọ nípa ọba àwọn Zulu, ó sì kó ohun èlò ilẹ̀ wa àti ti òyìnbó pọ̀ sínú rẹ̀. Ní ọdún kan náà ni ó kọ orin dùùrù mẹ́ta kan nípa ìgbé ayé ìbílẹ̀. Ọdún tí ó so èso ni ọdún náà fún un.

Nígbà tí ó ṣe, ó tún fi ilé sílẹ̀. Láti ọdún 1986 ó ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní ìlú Bayreuth ní ilẹ̀ Jámánì, láti ọdún 1993 títí di ọdún 2011 ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú orin ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. O lè máa rò pé ẹni tí ó jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀ yóò gbàgbé ohun tí ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń mú mi rántí Sergei Rachmaninoff, ará Rọ́ṣíà, tí a bí ní ọdún 1873, ọ̀kan nínú àwọn tí ó tẹ dùùrù jù ní ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1917, nígbà tí ìjọba ọba ti wó ní ilẹ̀ rẹ̀, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì gba àṣẹ, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jáde, kò sì padà mọ́. Kí ó tó lọ, ó ti kọ iṣẹ́ orin 39 tí ó fún ní nọ́ńbà. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, iṣẹ́ tuntun mẹ́fà péré ni ó fi kún un. Ìdí kan ni pé ó ní láti máa tẹ dùùrù káàkiri kí ilé rẹ̀ lè jẹun. Ìdí kejì sì ni pé àárò ilé mú un púpọ̀. Ilẹ̀ tí orin rẹ̀ ti ń hù ti bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀ràn àwọn méjèèjì kò rí bákan náà, kò sì tọ́ kí á fi ẹni tí ogun lé kúrò nílé wé ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ. Ṣùgbọ́n mo kíyè sí ohun kan nípa Euba. Ohun tí ó kó dání kúrò nílé kì í ṣe ìrántí lásán. Ẹ̀kọ́ ni, tí ó ti kọ́ dájú, tí ó sì ti kọ sílẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Àárò ilé lè mú kí ìrántí ṣókùnkùn. Ẹ̀kọ́ kì í tètè ṣí kúrò lára. Ní Pittsburgh ó pe àwọn olórin àti ọ̀mọ̀wé láti ibi púpọ̀ jọ ní ọdún 1999 láti sọ̀rọ̀ lórí ìlò dùùrù ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ìbá pé ọmọ ọdún 85, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé, tí kò sì sí bí a ṣe lè pe onílù jọ fún un bí ó ti yẹ.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí fún ọ nìyí. Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò mi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bí ìwọ náà. Baba rẹ̀ ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Nítorí pé kò sí dùùrù ní ilé wọn, ọmọ náà gé páálí gígùn, ó fi rúlà fa ìlà sí i, ó sì kun èyí tí ó yẹ ní dúdú. Orí rẹ̀ ni ó ń fi ìka rẹ̀ rìn lálaalẹ́, láìsí ohùn kankan àyàfi èyí tí ó wà ní orí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó mú un wá sọ́dọ̀ mi, nítorí pé ó gbọ́ pé mo ní kíbọ́ọ̀dù kan nílé. Mo jẹ́ kí ó máa wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ọjọ́ kan ni baba rẹ̀ wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáradára, ó sì wí pé, “Bàbá Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé iṣẹ́ alágbe ni ẹ fẹ́ kí ọmọ mi fi ayé rẹ̀ ṣe?”

Mo ní kí ó jókòó. Mo sọ ìtàn Euba fún un bí mo ti sọ ọ́ fún ọ yìí, láti Èkó dé Pittsburgh. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, nítorí pé ọmọlúwàbí ni. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹnìkan ṣoṣo nìyẹn, Bàbá. Àwọn mélòó ni wọ́n kọ́ ọ tí a kò gbọ́ orúkọ wọn?” N kò lè sọ pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀, ẹni tí ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ mẹ́rin ní ẹ̀tọ́ láti bi í. Mo kàn wí fún un pé orúkọ kọ́ ni ọmọ rẹ̀ ń wá lórí páálí náà. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun fún un ní ọdún kan; bí ó bá rẹ̀yìn nínú ìṣirò tàbí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó parí.

Bàbá onílù tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ti di ará ọ̀run, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣì ń lùlù. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo mú ọmọ náà lọ, kí ó lè máa lọ kọ́ ìlù ní gbogbo Sátidé. Onílù náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó wo ìka rẹ̀, ó sì so gúdúgúdú mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti di oṣù mẹ́ta báyìí. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ó ń lù, wọn kò sì tíì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyáàlù.